A Lọ Sinmi ní Ìkógòsì

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín yóò ka ojú ìwé yìí ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ẹ bá ti ilé ìjọsìn dé, tí ìrẹsì wà lórí iná, tí ọmọ kan sì ń wá ìbọ̀sẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kan ọjọ́ náà gan-an.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìhìn rere ní ilẹ̀ wa ni wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ fún wa. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n pè é. Nínú ilé tiwa, àwa tọkọtaya tí a ń kọ ìwé yìí, ọjọ́ náà ni ó máa ń rẹ̀ wá jù lọ láàrin ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ díákónì, èkejì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì tún ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ìṣọ́ òru ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Àbámẹ́ta, a ó gba ilé ìjọsìn lọ láti tún un ṣe, akọrin yóò ṣe ìdánrawò, aṣọ tí a fọ̀ kò sì ní tíì gbẹ tán tí a ó fi wọ aṣọ ẹbí lọ sí òwàǹbẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, bí aago méje ààbọ̀ bá ti lù, a ti wà níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ìsìn yóò parí ní aago kan, ìpàdé àwọn díákónì yóò gbà wá di aago mẹ́ta, lẹ́yìn náà a ó lọ bẹ àwọn aláìsàn wò. Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé, a ti tún dìde.

A sì ń fi í yangàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé báwo ni òpin ọ̀sẹ̀, a ó dáhùn pé, "A dúpẹ́, iṣẹ́ Olúwa ni." Òwàǹbẹ̀ náà wà nínú ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ Olúwa o, a kò ní purọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nígbà ọyẹ́, à ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ wa kan. A kò fi ojú kan oorun ní òru ọjọ́ Ẹtì nítorí ìṣọ́ òru. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀. Bàbá ilé ń wa ọkọ̀, ìyá ilé ti sùn lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní ẹ̀yìn. Oorun gbé bàbá ilé lọ. Kì í ṣe irú oorun tí ènìyàn máa ń bá jìjàkadì. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan pa iná. Àkọ́bí wa obìnrin ni ó kígbe pé, "Dádì!" Kí ojú tó là, ọkọ̀ ti kúrò lórí ọ̀dà, ó ń sáré lọ nínú koríko. Òkìtì ọ̀gán kan ni ó dá a dúró. Kò sí ẹni tí ó farapa nínú wa. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì a jẹ́rìí ní ìjọ, gbogbo ará sì bá wa yọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó pásítọ̀ wa, ẹni tí gbogbo ìjọ ń pè ní Mọ́mì, pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bá yín dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ẹ sùn dáadáa kẹ́yìn?" A wo ara wa lójú. Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ó ní, "Ọlọ́run ti yọ yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́ fún Un." Ó wá ní kí a lọ ka ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19, kí a sì fi ara balẹ̀ kà á.

Ẹ̀yin ará, a ti gbọ́ ìwàásù lórí orí ìwé yẹn ju ìgbà mẹ́wàá lọ. A mọ̀ nípa ìjì, a mọ̀ nípa iná, a mọ̀ nípa ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun tí a kò ṣe àkíyèsí rí ni bí áńgẹ́lì náà ṣe tọ́jú Èlíjà nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tọrọ ikú lábẹ́ igi. Áńgẹ́lì náà kò bá a wí. Kò sọ fún un pé kí ó dìde kí ó gbàdúrà sí i. Àkàrà àti omi ni ó gbé síwájú rẹ̀. Wòlíì náà jẹun, ó mu omi, ó sì tún padà sùn. Áńgẹ́lì náà fi í sílẹ̀ kí ó sùn, kí ó tó tún padà wá jí i sí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn èyí ni ìrìn ogójì ọjọ́ dé Hórébù tó ṣeé ṣe.

Ó ju oṣù mẹ́rin lọ kí a tó rí òpin ọ̀sẹ̀ kan tí a lè fà yọ. A gba àyè lọ́wọ́ pásítọ̀, a sì rí ẹni tí yóò dúró fún wa. Arábìnrin kan nínú akọrin rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ti ń lọ jayé nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá díẹ̀, nítorí pé ọkàn tiwa pàápàá ti ń sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀.

Ìbàdàn ni a ń gbé, Ìkógòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ni a sì yàn. A yàn án nítorí pé a lè dé ibẹ̀ ní ojúmọmọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ eléyìí ní kedere: láti ọdún díẹ̀ wá, àwọn ajínigbé ti ń yọ àwọn arìnrìn-àjò lẹ́nu ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá, Èkìtì kò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó tètè jáde, kí ó sì dé kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbàgbọ́ kò ní kí a máa rìn lóru. Ní ọjọ́ Ẹtì náà, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni a kúrò nílé.

Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. A kọjá Ẹgbẹ́dá, a sọdá odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n sé odò náà sí kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Ní Ìkirè, a kò lè kọjá láìra dòdò, nítorí pé àwọn ọmọ kò ní gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n: dòdò dúdú tí ó ní ata, tí ọwọ́ ènìyàn yóò máa yọ̀ fún òróró títí tí a ó fi dé Gbọ̀ngán. Nígbà tí a kọjá Ifẹ̀ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń rí òkè ní iwájú.

Iléṣà kì í ṣe ìlú tí Kristẹni yóò kàn gbà kọjá. Ní Òkè Oòyè ní ìlú yìí ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1930 láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń wọ́ wá láti ìlú jíjìn. A sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ nínú ọkọ̀. Nígbà tí a dé Ìwáràjà, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, a fi ọ̀nà Àkúrẹ́ hàn wọ́n, a sì sọ fún wọn pé ní ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, ní Ìkejì-Arákeji, ni Olúwa ti pè é ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni nígbà náà, ó ń wa katakata tí ó ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀. Lójijì ni ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ohun tí ó bàjẹ́. Níbi tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ ni ó ti gbọ́ ohùn tí ó ń pe orúkọ rẹ̀.

Ọmọ wa kejì, ọkùnrin, tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ, bi wá pé, "Ṣé bí ẹ̀rọ náà bá ń pariwo, kò ní gbọ́ ni?" A kò rí èsì fún un. A yà sí apá òsì, ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè.

Ọ̀nà náà ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń yí kọ́lọkọ̀lọ. Òkè dúró ní ọ̀tún, òkè dúró ní òsì. Afẹ́fẹ́ yí padà. A ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ní Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin Babalọlá sí lẹ́yìn tí ó sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1959, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 55. Àwọn ènìyàn sì ń lọ síbi ibojì náà títí di òní. A dúró díẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìgbésí ayé rẹ̀, a sì bá tiwa lọ. Láti ibẹ̀ a gba Arámọkọ, a yà sí ọ̀nà Ẹ̀rìnjìyàn, aago mẹ́rin ààbọ̀ kò sì tíì lù tí a fi wọ Ìkógòsì.

Ìlú kékeré ni, ó wà ní àfonífojì láàrin àwọn òkè tí igi bò. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó wà. Láti ọdún 1996 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni ó ti di ti Èkìtì. Ohun tí ọ̀pọ̀ Kristẹni kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ìjọba ni ó kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibùdó ìsinmi. John McGee, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ni ó kọ́ àwọn ilé síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì ń wá síbẹ̀ fún ìpàgọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti di bàbá àti ìyá àgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi lónìí lè sọ ìtàn ìpàgọ́ Ìkógòsì fún yín. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ibẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọdún 2010, wọ́n sì ní yàrá tí a lè sùn sí. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ wádìí iye owó àti bóyá àyè wà, nítorí pé nǹkan ń yí padà lójoojúmọ́ ní ìlú wa.

Ó yẹ kí a sọ pé a bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ilé ti gbé àpò ìṣirò owó àwọn díákónì wá láti Ìbàdàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ilé náà ti fi ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pamọ́ sí abẹ́ aṣọ nínú báàgì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, oníkálukú yọ tirẹ̀ jáde, ẹnu sì ya ara wa. A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì kékeré kan, à ń ṣiṣẹ́. Fóònù ń dún: ta ni yóò gbé orin lọ́la, níbo ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìpamọ́ wà. Ní bí aago mẹ́wàá alẹ́, ọmọ wa kékeré, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, wò wá títí, ó ní, "Ṣé ibi iṣẹ́ ni a wá ni?"

Dípò kí a rẹ́rìn-ín, ìjà ni a jà. Ìwọ ni ó kọ́kọ́ gbé tìrẹ wá; rárá, ìwọ ni. Àwọn ọmọ gbọ́ wa. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀ nínú ìwé ìjọ, nítorí a mọ̀ pé ilé wa nìkan kọ́. Nígbà tí inú wa rọ̀, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wa àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ, a kó àpò méjèèjì sínú bùútù ọkọ̀, a pa fóònù, a sì fún àkọ́bí wa ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kí ó tọ́jú rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a jí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. A kò rántí ìgbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Oúnjẹ tí a bò sínú abọ́ láti alẹ́ ni àwọn ọmọ ti jẹ, wọ́n sì ti rìn yíká àgbàlá. Ọmọ kékeré sọ pé òun ti wá fi etí sí imú wa lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn àdúrà a sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi omi. Igi ńláńlá bo ojú ọ̀nà náà, oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé, wọ́n sì fi pákó ṣe ọ̀nà tí ènìyàn lè tẹ̀ lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ìlú náà, ni ó ń fi ọ̀nà hàn wá. Ibi tí omi gbígbóná ti ń yọ kì í ṣe ibi tí ó ga, kì í ṣe ibi tí ó ń pariwo. Láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń sun jáde, ó mọ́ gaara, ó sì ń ṣàn lọ. Omi tútù ń ti apá kejì bọ̀. Wọ́n ń ṣàn fún ìgbà díẹ̀ láìpàdé, lẹ́yìn náà ni wọ́n pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ènìyàn lè ti ẹsẹ̀ kan bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó ti èkejì bọ omi tí ó tutù bí omi àmù.

Afinimọ̀nà wa sọ ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ: pé ọdẹ kan ní ìyàwó méjì, pé ọ̀kan gbóná lára, èkejì sì tutù, àwọn ni wọ́n di omi méjèèjì. Àwọn kan sì ti bọ omi náà rí. Ọmọ wa ọkùnrin kò tilẹ̀ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọlọ́run ni ó dá omi." Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣàlàyé kò sì ṣòro láti mọ̀. Omi òjò ni ó ń gba inú àwọn àpáta tí ó sán wọ ilẹ̀ lọ jìnnà. Bí ilẹ̀ bá ṣe jìn tó ni ó ṣe ń gbóná tó, omi náà yóò gba ooru ilẹ̀ sára, yóò sì tún rí ihò mìíràn gbà jáde. Kò sí òkè tí ń yọ iná ní ìtòsí. A rí i kà nínú ìwé kan pé ìgbóná omi náà tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ mọ̀ pé irú omi bẹ́ẹ̀ ìbá ti bó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbóná rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ara ènìyàn lọ. Òun gan-an ni ó dára níbẹ̀: o kò ní mọ ibi tí ara rẹ parí sí, tí omi bẹ̀rẹ̀.

A rí àwọn kan tí ó ń bu omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ní fún ìwòsàn ni. A kò bá wọn jà. Omi tí ó mọ́ ni, ara a sì máa fúyẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn bá wẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹni tí ó ń wo ni sàn wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú.

A jókòó sórí àpáta, àwa márààrún, a ti ẹsẹ̀ bọ omi. Kò sí ohun tí a ní í ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó nira. Ọwọ́ ń wá fóònù kiri nínú àpò. Bóyá wákàtí kan ti kọjá kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọmọ kékeré sọ orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Méjì péré ni a mọ̀ nínú wọn. Nígbà náà ni àkọ́bí wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sọ ọ̀rọ̀ kan láìgbé ojú sókè. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí a wọ igbó yẹn, mi ò kì í sùn nínú mọ́tò mọ́."

A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bí mo bá sùn, ta ni yóò pe Dádì?"

Ó ju oṣù mẹ́rin lọ. Ní gbogbo ìgbà tí a ń lọ sí ìpàdé, sí òwàǹbẹ̀, sí ilé àwọn òbí wa, ọmọ wa jókòó sí ẹ̀yìn, ó ń ṣọ́ ojú bàbá rẹ̀ nínú dígí. Àwa ń jẹ́rìí ní ìjọ pé Ọlọ́run kò sùn, kò tòògbé. Àwa kò mọ̀ pé a ti gbé iṣẹ́ náà lé ọmọdé lọ́wọ́. Bàbá ilé gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, kò lè sọ ọ́. Ó fà á mọ́ra. Gbogbo wa sunkún níbẹ̀, afinimọ̀nà sì ṣe dáadáa, ó rìn jìnnà sí wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a ka Gẹ́nẹ́sísì orí 33. Ísọ̀ fẹ́ kí àwọn jọ máa lọ, Jákọ́bù sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa lọ níwájú, nítorí pé àwọn ọmọ kò lágbára, àti pé bí a bá lé agbo ẹran ní àlékọjá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọn yóò kú. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n ìrìn rẹ̀. A sọ̀rọ̀ títí di aago mọ́kànlá, ìyẹn àwa méjèèjì, nípa ohun tí a ó fi sílẹ̀ àti ohun tí a ó dì mú.

Kò rọrùn bí a ti ń kọ ọ́ yìí o. Iṣẹ́ Olúwa kì í ṣe ẹrù tí a lè sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá ti wù wá. Nínú Máàkù orí 6, àwọn ọmọ ẹ̀yìn kò rí àyè jẹun, Jésù sì pè wọ́n lọ sí ibi tí ó dá, kí wọ́n lè sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn sáré gba ẹsẹ̀ lọ dúró dè wọ́n, àánú wọn sì ṣe Olúwa, ó bọ́ wọn. Ìgbà mìíràn wà tí ìsinmi yóò já ní àárín. Síbẹ̀ Olúwa kọ́kọ́ pè wọ́n ná. Àwa kò tilẹ̀ jẹ́ kí Ó pè wá rí.

Ohun tí a ṣe láti ìgbà náà kò pọ̀. Bí a bá ṣe ìṣọ́ òru, a kì í wa ọkọ̀ lọ sí ìrìn àjò ní ọjọ́ kejì. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú mọ́. Àwọn díákónì gbà láti gbé ìpàdé wọn lọ sí ọjọ́rú, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àbámẹ́ta kan wà nínú oṣù tí a kì í gba aṣọ ẹbí ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ kan sì ti bínú sí wa nítorí rẹ̀. Owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹbí méjì ni a fi san yàrá ní Ìkógòsì, epo ọkọ̀ ni ó wọ́n jù.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní ẹni tí ó ní ọkọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Arábìnrin kan tí ó ń ta ata ní ìjọ wa sọ ọ́ fún wa lójú ara wa. Ó ní, "Ẹ̀yin Díákónì, bí mi ò bá tajà ní Àbámẹ́ta, kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ ní ọjọ́ Ajé?" Òótọ́ ni, a kò sì ní fi ẹsẹ Bíbélì pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ wá sọ pé òun ti ń pa ìsọ̀ dé ní aago mẹ́rin dípò aago mẹ́jọ, pé òun àti àwọn ọmọ ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń di irun ara wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní owó tí ó ń wọlé láàrin aago mẹ́rin sí mẹ́jọ kò tó èyí tí òun ń fi ra oògùn ara ríro. Ẹ̀yìnkùlé náà dára tó Ìkógòsì fún ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, a rìn lọ sí ilé ìjọsìn kékeré kan nínú ìlú. Orí àga tí ó wà lẹ́yìn ni a jókòó sí. Wọ́n kọ orin kan ní èdè Èkìtì tí a kò gbọ́ tán, a pàtẹ́wọ́ sí i. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé díákónì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó pe ìyá ilé sí iwájú kí ó wá gbé orin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàrin ọdún mẹ́fà, àwa márààrún jókòó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé òpin. Ọmọ kékeré sùn sí itan ìyá rẹ̀ nígbà ìwàásù, a kò jí i.

Aago méjìlá ààbọ̀ ni a bọ́ sọ́nà. Àwọn ọmọ ti bu omi gbígbóná náà sínú ike kan láti fi han àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ó sì ti tutù kí a tó kúrò ní ìlú. Bàbá ilé wa ọkọ̀ láìsáré. Ìyá ilé kò sùn ní tirẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò owó tí ó wà nínú bùútù àti bóyá ilé yóò ní iná. Nígbà tí a ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, a wo ẹ̀yìn nínú dígí. Ọmọ wa àkọ́bí ti gbé orí lé fèrèsé, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó ti sùn. A dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ, a sì rọra máa lọ. Ó dé Ifẹ̀ kò jí.